Ilẹ̀ Pupa Ẹ̀yìn Mọ́sálásí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí n má baà máa pariwo. Ohùn mi kò lágbára mọ́, òní sì jẹ́ Jímọ̀, wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀ mọ́sálásí, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí àgbàlagbà gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé lọ kírun. Mo ní kí ó jẹ́ kí n jẹun tán ná. Mo ti jẹun tán báyìí. Bí àgbà bá kú láìsọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ọmọ yóò rò pé bí ayé ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyí.

Ibi tí òrùlé rìbìtì aláwọ̀ ewé yẹn wà, amọ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà tiwa. Ilé amọ̀ ni mọ́sálásí wa. Kò ga, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè sùn sí ojú fèrèsé láìjábọ́. Inú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì máa ń tutù bí ìdí àmù. Ẹní la tẹ́ sílẹ̀, awọ àgbò ni ti Lèmọ́mù. Kò sí gbohùngbohùn. Bàbá wa ni Ládàánì. Yóò gun òkìtì amọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí, yóò sì pe ìrun. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ọ̀nà oko, a ó gbọ́ ọ níbi tí a ti ń kọ ebè. Bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, òjìji igi là ń wò.

Ilé amọ̀ kì í dá dúró láìsí ọwọ́ èèyàn. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí oṣù Ààwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo ìlú ni yóò bọ́ sí iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin á gbẹ́ kòtò lẹ́bàá odò, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀ náà títí yóò fi máa fà bí iyán. Ẹ má rò pé Mùsùlùmí nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́ o. Èsékíẹ́lì, ọ̀rẹ́ mi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbà ìjọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sínú kòtò. Nígbà tí wọ́n bá sì ń tún ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ṣe fún Kérésìmesì, àwa náà á lọ. Lọ́dún kan, amọ̀ gbá Èsékíẹ́lì mú dé itan. Bó ti ń fa ẹsẹ̀ kan yọ ni èkejì ń wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ bọ́ sínú kòtò. Ló bá jókòó sínú amọ̀, kò lè dìde, nítorí àwọn obìnrin ń ti odò bọ̀. Ó ní kí n bá òun wá aṣọ. Mo ní kí ó kọ́kọ́ kí àwọn ìyá wa kú iṣẹ́ ná. Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn pẹ́ nílùú.

Bí àwọn ọkùnrin bá ti ru amọ̀ dé, iṣẹ́ tiwọn parí. Àwọn obìnrin ló ni ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Raúfátù, ni aṣíwájú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi í jẹ Ìyá Sùnnà, olórí àwọn obìnrin mọ́sálásí. Wọn yóò fi àtẹ́lẹwọ́ lẹ amọ̀ mọ́ ògiri, pà, pà, pà, ọ̀kan á dá orin, àwọn tó kù á gbè é. Bó bá gbẹ díẹ̀, wọ́n á fi òkúta odò tó jọ̀lọ̀ ra á. Wọ́n á se eèpo irúgbá, wọ́n á fi omi rẹ̀ pa á lára, ògiri náà á pọ́n, á máa dán bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para. Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi ń pa ilẹ̀. Ẹ máa yínmú o, ṣùgbọ́n bó bá gbẹ tán, kì í rùn, kòkòrò kì í sì í sún mọ́ ọn. Bí mo bá kírun lẹ́bàá ògiri, mo máa ń mọ ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti kọjá, nítorí ìka rẹ̀ gùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀yìn mọ́sálásí ni wọ́n sin ín sí, ní apá ìlà-oòrùn, lẹ́yìn ibi tí Lèmọ́mù ń dúró sí. Àwọn àgbà mìíràn ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Kò sí símẹ́ńtì lórí sàréè wọn, kò sí orúkọ, òkìtì ilẹ̀ pupa lásán ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí àwọn obìnrin bá pa ògiri tán, ẹ̀gbọ́n mi á bu amọ̀ tó ṣẹ́kù nínú igbá, á lọ fi pa òkìtì bàbá wa. Ààfáà ọ̀dọ́ kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ti òkè òkun dé sọ fún un pé ẹ̀sìn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò fi ṣe ẹ̀sìn, amọ̀ ló ṣẹ́kù, òun kò sì fẹ́ dà á nù. Ààfáà náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí tó yè. Raúfátù ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀lé e, Sùlé ni ìkẹyìn. Ìgbà tí ìyá wa bí Sùlé ló kú. Raúfátù kò tíì lọ́kọ nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ló pọ̀n ọ́n. Ó pọ̀n ọ́n lọ sóko, ó pọ̀n ọ́n lọ sódò, ó pọ̀n ọ́n pa ògiri mọ́sálásí. Àkànní ni oríkì rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì ń kì í, ọmọ náà á sùn. Kò pe ẹlòmíràn ní ìyá rí. Màámi ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní agbègbè Ẹ̀jìgbò yìí, bóyá la fi lè rí agbo ilé tí kò ní ẹni tó wà ní Àbíjàn. Sùlé náà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkiri ọjà, ó dẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, Ọlọ́run ṣe é, ó dọlọ́rọ̀, ó lọ sí Mẹ́kà. Ní gbogbo ọdún Iléyá, yóò wálé, ẹnu rẹ̀ á máa lọ́ pọ̀ mọ́ èdè Faransé, ilé Màámi ni yóò sì ti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kó tó dé ilé tirẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ìyókù.

Ó dé lọ́dún kan, ó pe ìlú jọ síwájú mọ́sálásí. Ó mú ẹnjiníà kan dání, wọ́n sì na àwòrán kan mọ́ ara ògiri. Òrùlé rìbìtì wà níbẹ̀, ilé ìpèrun gíga mẹ́rin wà ní igun rẹ̀, òpó funfun tò lọ bèrèbère. Àwọn èèyàn kígbe Ọlọ́run tóbi. Èsékíẹ́lì bi í níbo la ó ti máa po amọ̀ bó bá di ọdún tó ń bọ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Sùlé ní a ti po amọ̀ tó, kí àwọn ìyá òun lọ sinmi, ilé yìí kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àpótí láàárín àwọn obìnrin. Inú rẹ̀ ń dùn, mo rí i. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn bí ọmọ tó pọ̀n bá fẹ́ kọ́ ilé Ọlọ́run? Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

“Sùlé, bàbá ńkọ́?”

Sùlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. A ó fi ọgbà yí wọn ká. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn wọ́n.”

Mo mọ̀ pé òótọ́ inú ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ẹni tó bá fi í lélẹ̀ tó bá ìrìn àjò lọ, kò mọ ẹsẹ̀ ta ni yóò tẹ̀ ẹ́.

Ó padà sí Àbíjàn, iṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹnjiníà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wó mọ́sálásí, mo wà lóko. A ti mọ̀ pé wọn yóò wó o, a ti kó ẹní àti bútà àlùwàlá jáde. Láti oko ni mo ti ń gbọ́ ìró kátakàtá kan, mo rò pé àwọn tó ń ṣe títì ni. Ìró náà kò dáwọ́ dúró títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Nígbà tí mo dé ilé, ògiri ti wó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ pé àwọn kò mọ̀ pé amọ̀ lè le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀ mí létí, ẹ̀yìn ni mo ń wò. Níbi tí òkìtì bàbá wa wà, kòtò gbàràmù ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ ti kó ilẹ̀ ibẹ̀ lọ.

Mo bi ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ó ní ẹnjiníà ló ní kí àwọn gbẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Mo pe ẹnjiníà, ó ní títì kò jẹ́ kí ilé náà gùn sí iwájú, ló ṣe ní láti gùn sí ẹ̀yìn, Àlàájì sì ti fọwọ́ sí i. Mo wá pe Sùlé. Ó ní lóòótọ́ ni wọ́n pe òun, òun sì dáhùn ní Faransé pé dakọ, ìyẹn ni pé ó dára, ṣùgbọ́n òun rò pé wọn yóò dúró de òun, kí a jọ kó àwọn òkú náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Màámi.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró tì mí, ó ń ti ọjà Ẹ̀jìgbò bọ̀, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

Kò sunkún. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ bá awakọ̀ akóyẹ̀pẹ̀, ó bi í pé níbo ni ó da ilẹ̀ náà sí. Ọmọkùnrin náà ní ojú ọ̀gbàrá kan wà lójú ọ̀nà Ará, wọ́n ní kí òun fi ilẹ̀ náà dí i. Ẹ̀gbọ́n mi tú ọjà rẹ̀ dà sílẹ̀, ó mú abọ́ tó fi gbé e wá, ó dojú kọ ọ̀nà Ará. Àwọn obìnrin tó máa ń bá a pa ògiri tẹ̀lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí orin. Èsékíẹ́lì gbé ọkọ́ lé èjìká. Èmi náà tẹ̀lé wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ikú, mo ti rí ìyàn, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó dà bí ọjọ́ yẹn. Àwọn ìyá arúgbó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń fi ọwọ́ fọ́ ògúlùtu amọ̀ wò. Ọkọ̀ ń kọjá, eruku ń bò wọ́n. Ògiri tí wọ́n ti pa láti ìgbà ọmọge wà nínú ilẹ̀ yẹn, àwọn tí wọ́n sin sí ẹ̀yìn rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n á fi aṣọ nù ún, wọ́n á gbé e sínú abọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Lèmọ́mù bá wa níbẹ̀. Ó wo inú abọ́, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, “Ààfáà, èwo ni ti bàbá mi nínú wọn?”

Lèmọ́mù ní, “Ìyá Sùnnà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.”

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó dáwọ́ dúró. Aṣọ funfun kan ni wọ́n fi dì wọ́n pọ̀. Èsékíẹ́lì ló gbẹ́ sàréè tuntun ní itẹ́ òkú ìlú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹbí rẹ̀ kankan nínú àwọn òkú náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní níwọ̀n ìgbà tí a kò ti lè yà wọ́n, kí wọ́n jọ wà.

Sùlé wọ ọkọ̀ láti Àbíjàn, ó la Gánà àti Tógò kọjá, kò sùn lójú ọ̀nà. Ó bá ẹnjiníà jà, ó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n a kì í lé èèyàn lọ kí ohun tó ti bàjẹ́ tìtorí ìyẹn padà bọ̀ sípò. Ó wólẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Màámi, ẹ bú mi. Ẹ nà mí pàápàá.”

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó pẹ́. Ó ní, “Sùlé, ó ti rẹ̀ ọ́. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò.”

Kò sí ohun mìíràn. Ó bù ú fún un, ó jẹ ẹ́, omijé ń kán sínú àwo. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá wálé, ẹ̀gbọ́n mi yóò se oúnjẹ dè é, yóò gbé omi fún un, yóò bi í bóyá ó yó. Kò kì í ní Àkànní mọ́. Kò bú u, kò sì rojọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun kò bínú, pé ọ̀rọ̀ ló tán nínú òun.

Wọ́n sì kọ́ mọ́sálásí náà parí, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ bí òkú ẹran. N kò ní parọ́, ó rẹwà. Àwọn èèyàn wá láti Màṣífà, láti Ọlá, láti Ẹ̀jìgbò, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà ti wo òkè, ẹ ti rí bí wọ́n ṣe fi àwọ̀ wúrà kọ ọ̀rọ̀ Kùránì yí inú òrùlé ká. Ẹ ti rí iná ńlá tó so rọ̀ láàárín bí ìdì ẹyìn tó pọ́n. Òpó náà funfun, mábù ló wà nílẹ̀, gíláàsì fèrèsé pupa, ó búlúù, bí oòrùn bá wọlé lọ́sàn-án, àwọ̀ rẹ̀ á tú ká sórí ẹ̀yìn àwọn tó ń forí kanlẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ní àyè fún oníkálukú, ìlà wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi èjìká kan èjìká mọ́ bí kò bá fẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, mo fọwọ́ kan ògiri. Ó tutù, ọwọ́ mi yọ̀ kúrò.

Òkè ni wọ́n kọ́ ibi àwọn obìnrin sí, ó ní àtẹ̀gùn gígùn. Àwọn tó pa ògiri àtijọ́, orúnkún wọn kò gbé wọn dé ibẹ̀. Ìyá kan nínú wọn yọ̀ lórí táìsì tútù níbi àlùwàlá, itan rẹ̀ kán, kò fi ẹsẹ̀ náà rìn mọ́ títí ó fi kú. Bó bá di ìgbà Ààwẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń pe ara wọn jọ fún mọ́. Oníkálukú jókòó sílé rẹ̀. Èsékíẹ́lì àti èmi náà, bí a kò bá pàdé níbi ìsìnkú, a lè má fojú kanra fún oṣù púpọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn náà ti di símẹ́ńtì. Ohùn tó sì ń pe ìrun ní àfẹ̀mọ́jú, inú ẹ̀rọ oníbátìrì ló ti ń jáde. N kò mọ ẹni tó ni ohùn náà, n kò mọ ìlú rẹ̀.

Ẹni tó bi mí léèrè, ìdí tí mo fi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nìyí. Ohun gbogbo kọ́ la rí kó jáde lójú ọ̀nà Ará. N kò mọ ibi tí bàbá mi wà lábẹ́ mábù yẹn, bóyá ó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wọ ibẹ̀ rí. Iwájú ilé rẹ̀ ló ń tẹ́ ẹní sí, yóò kírun níbẹ̀, òrùlé rìbìtì náà á wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí àwọn tó kù jáde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ẹ má gbé mi wọ ibẹ̀.” Mo ní mo gbọ́. Ó tún un sọ, mo tún dáhùn.

Sùlé dé lọ́jọ́ tí ó kú. Gbogbo ìlú ti rò pé inú mọ́sálásí ni a ó ti kírun sí i lára, nítorí Ìyá Sùnnà ni, ọmọ rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Wọ́n ti tan gbogbo iná, wọ́n ti tan fáànù. Sùlé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọn kò bá wọ̀ ọ́, kí ni mo kọ́?”

Mo ní Màámi ti sọ ibi tí wọn kò fẹ́ lọ, èmi ni mo sì gbọ́ ọ. Ó wo ojú mi, ó mọ̀ pé n kò ní yí i padà. Iwájú ilé rẹ̀ la ti kírun sí i lára, nínú oòrùn, lórí iyẹ̀pẹ̀. Èsékíẹ́lì dúró lábẹ́ igi, ó ṣí fìlà. Àwọn èèyàn ní kí Sùlé bọ́ síwájú, ó kọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí, láàárín àwọn tí kò tilẹ̀ mọ òkú. Nígbà tí a dé ibojì, ó bu ilẹ̀ sọ́wọ́, kò lè jù ú sí i. Èmi ni mo bá a tú ìka rẹ̀.

Ó padà sí Àbíjàn, kò tíì wálé láti ìgbà náà. Ó ń fi owó epo ránṣẹ́, ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ yìí ní Jímọ̀; lọ́jọ́ mìíràn, òkùnkùn ni. Àwọn ọ̀dọ́ ti bá ti wọn lọ, àwa tó kù kò tó ìlà iwájú. Ẹyẹ ti ń kọ́lé sínú iná tó so rọ̀, a kò rí ẹni tó lè gòkè lọ kó ìtẹ́ wọn.

Sùlé máa ń pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Á bi mí nípa òrùlé, bóyá ó ń jò, nípa omi ẹ̀rọ, nípa Lèmọ́mù. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó bi mí ní ohun tí kò bi mí rí. Ó ní, “Bọ̀dá, nígbà tí Màámi ń ṣàìsàn, ṣé wọ́n dárúkọ mi?”

Irọ́ kan wà tó lè tù ú nínú, ó sì wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo kù tó mọ ohun tí obìnrin yẹn sọ àti ohun tí kò sọ, èmi náà kò ní pẹ́ lọ bá a.

Mo ní, “Rárá, Àkànní. Wọn kò dárúkọ rẹ.”

Ariwo ọkọ̀ Àbíjàn ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àti bó ti ń mí. Nígbà tó pẹ́, ó bi mí bóyá wọ́n ti fọ kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní wọ́n ti fọ̀ ọ́.